Ṣé ìsopọ̀ kúáńtọ́ọ̀mù tó ti dàrú ṣeé fọ̀ mọ́ pátápátá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Mo kà pé bí fótóònù (èérún ìmọ́lẹ̀) méjì tí a so pọ̀ ní ọ̀nà kúáńtọ́ọ̀mù, tí èsì wíwọn ọ̀kan fi bá ti ìkejì tan, bá rìn jìnnà nínú wáyà fáíbà, ìsopọ̀ wọn a máa bàjẹ́, àmọ́ pé ọ̀nà wà láti fọ̀ ọ́ mọ́. Ṣé bí àwa ará Oǹdó ṣe ń ṣa kòkó tó bu kúrò nínú èyí tó dára náà ni? Ṣé ó sì lè mọ́ tán? (Olùkọ́ físíìsì kan, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ó jọ ọ́ ní ti pé a ń da púpọ̀ nù, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣa kòkó ń fi ojú rí èyí tó bu, nígbà tó jẹ́ pé bí a bá wọn fótóònù wọ̀nyí tààrà, ìsopọ̀ wọn já nìyẹn. Ọgbọ́n tí onímọ̀ físíìsì Charles Bennett àti àwọn márùn-ún mìíràn gbé jáde ní 1996 ni pé kí a fi ìsopọ̀ kan yẹ òmíràn wò. Ká ní ẹnì kan ní Àkúrẹ́ àti ẹnì kan ní ìlú Oǹdó jọ ní ìsopọ̀ méjì, tí fótóònù méjì sì wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan: oníkálukú á mú kí ipò fótóònù rẹ̀ kan nípa lórí ti ìkejì, á wọn ìkejì yẹn, wọn á sì pe ara wọn lórí fóònù. Bí èsì wọn bá bára mu, wọ́n á fi ìsopọ̀ tí wọn kò wọ̀n pamọ́. Bí kò bá bára mu, wọ́n á da méjèèjì nù. Bí a bá ka ìwọ̀n ìmọ́ ìsopọ̀ tó jẹ́ ojúlówó sí 1, tí ti ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 0.75, èyí tó bá yege á di nǹkan bí 0.79, èsì á sì bára mu ní nǹkan bí ìgbà 72 nínú 100. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ẹ̀ẹ̀kan péré nìyí, ó sì ti jẹ ju ìdajì ohun tó wà nílẹ̀ lọ.

Bí ìwọ̀n náà kò bá ju 0.5 lọ, ọ̀nà yìí kò lè gbé e sókè. Bí ó bá sì jù ú lọ, a lè máa tún un ṣe kí ó máa súnmọ́ 1, ṣùgbọ́n kò ní dé ibẹ̀ gan-an bí iye ìsopọ̀ wa bá lópin. Ní 1998, àwọn Horodecki, ìdílé onímọ̀ físíìsì kan láti Póláńdì, fi hàn pé irú ìsopọ̀ kan tilẹ̀ wà, láàárín ohun tó tóbi ju qubit (ẹyọ ìsọfúnni kúáńtọ́ọ̀mù tó kéré jù) méjì lọ, tí a kò lè rí ojúlówó kankan fà yọ nínú rẹ̀, bó ti wù kó pọ̀ tó lọ́wọ́ ẹni. Èyí ṣì ń yà mí lẹ́nu, nítorí pé ìsopọ̀ ni lóòótọ́.

Lójú tèmi, irinṣẹ́ ló ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́ jù. Ìṣirò òkè yìí gbà pé ẹ̀rọ kì í ṣàṣìṣe, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ físíìsì Briegel, Dür, Cirac àti Zoller ṣàlàyé ní 1998 pé àṣìṣe ẹ̀rọ máa ń fa ìwọ̀n tó ga jù tí a lè dé wálẹ̀ kúrò ní 1, ó sì ń gbé ìwọ̀n tó kéré jù tí a lè fi bẹ̀rẹ̀ sókè. Bí àṣìṣe náà bá pọ̀ tó, méjèèjì á pàdé, fífọ̀ kò sì ní ṣe àǹfààní kankan mọ́.