Ìbéèrè Òǹkàwé: Ta ni wọ́n fọwọ́ sí Multaq fún?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkàn Bàbá mi kì í lù déédéé, dókítà sì kọ oògùn Multaq fún wọn. Mo kà nínú ìwé tó wà nínú páálí rẹ̀ pé ó lè fa ikú fún àwọn aláìsàn kan. Kí ló dé tí ìjọba Amẹ́ríkà fi fọwọ́ sí irú oògùn bẹ́ẹ̀? Ṣé kí Bàbá má lò ó mọ́ ni? (Òǹkàwé kan, Houston)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Mo bẹ̀ yín, kí wọ́n má ṣe dá oògùn náà dúró kí ẹ tó bá dókítà wọn sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni ìkìlọ̀ tí ẹ kà, ṣùgbọ́n irú àìsàn ọkàn tó ń ṣe Bàbá ló máa fi hàn bóyá ó kàn wọ́n.

Dronedarone ni èròjà inú Multaq. Ilé-iṣẹ́ Sanofi-Aventis ló gbé e jáde láti rọ́pò amiodarone, oògùn àtijọ́ kan tó lágbára gan-an, àmọ́ tó lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, tí áyódìn inú rẹ̀ sì máa ń da thyroid, ẹ̀yà ara kékeré kan ní ọrùn, láàmú. Wọ́n yọ áyódìn náà kúrò. Síbẹ̀, oògùn tuntun yìí kò tíì dé ọjà tí ewu rẹ̀ fi hàn: ní 2003, wọ́n dá ìwádìí ANDROMEDA dúró láìtọ́jọ́, nítorí pé nínú àwọn aláìsàn 627 tí ọkàn wọn kò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri mọ́, àwọn 25 tó ń lo oògùn náà kú, nígbà tó jẹ́ pé 12 ló kú nínú àwọn tí wọ́n fún ní hóró tí kò ní oògùn nínú. Ní 2006, FDA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń fọwọ́ sí oògùn, kọ̀ láti fọwọ́ sí i.

Ìwádìí ATHENA, tí wọ́n fi aláìsàn 4,628 ṣe, ló yí ọ̀rọ̀ padà. Àwọn tí ìlùkulù ọkàn wọn máa ń wá tó sì máa ń lọ ni wọ́n, oògùn náà sì dín bí wọ́n ṣe ń wọ ilé ìwòsàn kù. Nítorí ìyẹn ni FDA ṣe fọwọ́ sí i ní oṣù Keje ọdún 2009, pẹ̀lú ìkìlọ̀ tó le fún àwọn tí ọkàn wọn ti rẹ̀ gidigidi. Ní ọdún 2011, ìwádìí PALLAS gbé e fún àwọn tí ìlùkulù náà ti di bárakú sí lára. Rọpárọsẹ̀ àti ikú pọ̀ sí i láàárín wọn, wọ́n sì tètè dá a dúró. Ọdún yẹn náà ni FDA kìlọ̀ pé ó ti ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́ débi pé wọ́n ní láti pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún aláìsàn méjì.

Èmi kò gbà pé àìbìkítà ni ìfọwọ́sí 2009. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ìlùkulù tó ń wá tó ń lọ lè di bárakú láìjẹ́ pé aláìsàn fura rárá, tí oògùn tó ṣe é lóore tẹ́lẹ̀ á sì di ewu fún un. Ìdí nìyí tí ìlànà FDA fi sọ pé kí wọ́n máa fi ECG, àyẹ̀wò tó ń fi bí ọkàn ṣe ń lù hàn, yẹ ọkàn wò, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ bi dókítà pé ìgbà wo ni wọ́n ṣe ti Bàbá kẹ́yìn.

Kí Bàbá máa lo oògùn náà pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀ àti ti alẹ́, kí wọ́n má sì mu omi èso grapefruit. Ẹ sọ gbogbo oògùn mìíràn tí wọ́n ń lò fún dókítà, títí kan àgbo. Bí ojú wọn bá pọ́n bí ẹni tó ní ibà pọ́njúpọ́ntọ̀, tí ìtọ̀ wọn dúdú, tí ẹsẹ̀ wọn wú, tàbí tí wọn kò lè mí dáadáa, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí dókítà dá fún wọn.