Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí kò tàn mọ́: kí ẹ tó gbà pé bọ́ọ̀dù ló jóná

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ sọ: kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí bàbá yín fi sílẹ̀, NEPA mú iná lọ lálẹ́, nígbà tí iná máa padà dé, ó dé pẹ̀lú agbára, gílóòbù mọ́lẹ̀ yòò, láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ kò ti tàn mọ́. Ẹni tí ẹ gbé e lọ bá ní bọ́ọ̀dù (motherboard, pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà inú ẹ̀rọ so mọ́) ti jóná, ó ní kí ẹ tà á fún àwọn tó ń ra pàǹtí. Bẹ́ẹ̀ àwòrán ìdílé àti ìwé ilẹ̀ tí bàbá tẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tà á. Kí ọkàn yín kọ́kọ́ balẹ̀: àwòrán àti ìwé wọ̀nyẹn kò sí lára bọ́ọ̀dù. Inú háàdì dísìkì ni wọ́n wà, bọ́ọ̀dù sì lè jóná ráúráú kí nǹkan kan má ṣe dísìkì. Kí ẹnikẹ́ni tó tún tú ẹ̀rọ yẹn, ẹ yọ dísìkì náà, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sílé. Ẹ fa wáyà kúrò lára ògiri, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí rẹ̀. Dísìkì ni irin pẹlẹbẹ tó wúwo, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, tí wáyà méjì wọ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wáyà náà bá fẹ̀ gbàgàdà, tó sì pẹlẹbẹ, IDE ni, irú èyí tó ti pẹ́ jù. Bí ó bá tẹ́ẹ́rẹ́, SATA ni. Ẹ sọ èyí tó jẹ́ fún ẹni tí ẹ bá fẹ́ ra kéébù USB tí a fi ń so dísìkì mọ́ láptọ́ọ̀pù lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé kéébù náà ní ṣájà tirẹ̀ tí a ń kì bọ ògiri, nítorí iná 12 volt ni dísìkì kọ̀ǹpútà orí tábìlì ń jẹ, ihò USB kò sì lè fún un. Àwọn kan ti ra kéébù ti láptọ́ọ̀pù, dísìkì kò yí, wọ́n gbà pé òun náà ti kú, wọ́n jù ú nù. Ó máa ń dùn mí.

Tí ẹ bá so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, ìwé ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ dà kọ, kí àwòrán tẹ̀ lé e. Bí Windows bá ní kí ẹ format rẹ̀, ìyẹn ni kí ẹ nu gbogbo ohun inú rẹ̀ kúrò, ẹ kọ̀ jálẹ̀. Bí ó bá ní ẹ kò ní àṣẹ láti ṣí fódà bàbá, ẹ tẹ Continue, ó sábà máa ń ṣí. Ṣùgbọ́n bí dísìkì bá ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́ láìdúró, ẹ fà á yọ lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì tún dán an wò. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún tàn án báyẹn, ohun tí ẹni tó mọṣẹ́ lè rí yọ nínú rẹ̀ ń dín kù ni.

Ó wá ku ẹ̀rọ fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "bọ́ọ̀dù ti jóná" yẹn máa ń bí mi nínú, torí òun ló yá lẹ́nu jù. Ẹni náà kò tíì wọn nǹkan kan. Aláìsàn kò tíì kú, wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ dè é. Iṣẹ́ títẹ̀wé ni mo fi ń jẹun ní Abẹ́òkúta, tòkunbọ̀ ni gbogbo ẹ̀rọ tí mo fi bẹ̀rẹ̀, owó tí mo ná lórí wọn ló kọ́ mi ní ohun tí mo mọ̀. Nínú àwọn tí wọ́n bá mi pè ní òkú, páwà pákì ló kú nínú èyí tó pọ̀ jù, bọ́ọ̀dù wà láàyè. Páwà pákì ni àpótí irin tí wáyà ògiri ń wọ̀. Òun ló ń gba 230 volt NEPA, tó ń sọ ọ́ di 12, 5 àti 3.3 fún àwọn yòókù. Tí iná bá wọlé pẹ̀lú agbára, òun ni ìyà ń kọ́kọ́ jẹ.

Nígbà míì kò tilẹ̀ bàjẹ́, ó kàn ti ara rẹ̀ pa ni láti dáàbò bo ara rẹ̀, kò sì ní ṣí títí iná inú rẹ̀ yóò fi gbẹ. Nítorí náà, ẹ yọ wáyà kúrò lára ògiri, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tan án mọ́lẹ̀ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan, ẹ fi í sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ tó tún kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Mo ti rí èyí tó tàn báyìí tí a kò ná kọ́bọ̀.

Bí kò bá tàn, ẹ fi mítà (multimeter, èyí tí àwọn oníná fi ń wọn volt) wọn ọ́n. Pẹ̀lú wáyà ògiri ní yíyọ, ẹ yọ orí wáyà ńlá tó wọ bọ́ọ̀dù, èyí tó ní ihò 24 (tàbí 20 nínú àwọn tó pẹ́ jù). Wáyà aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ẹ fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ so ihò rẹ̀ pọ̀ mọ́ ihò wáyà dúdú kan, lẹ́yìn náà ni kí ẹ kì í bọ iná. Bí páwà pákì bá wà láàyè, fáànù rẹ̀ yóò yí. Ṣùgbọ́n kí fáànù yí nìkan kò tó, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: fáànù lè yí kí iná má pé. Ẹ fi ẹnu mítà dúdú kan wáyà dúdú, kí ẹ fi pupa kan àwọn yòókù. Wáyà yẹ́lò gbọ́dọ̀ wà láàárín 11.4 sí 12.6, wáyà pupa láàárín 4.75 sí 5.25, èyí tó ní àwọ̀ ọsàn láàárín 3.14 sí 3.47. Bí ọ̀kan bá jìnnà sí èyí, páwà pákì ni kí ẹ pààrọ̀. Àwọn ẹ̀rọ ọ́fíìsì kan wà tí orí wáyà wọn dá yàtọ̀, tí kò ní ihò 24 tàbí 20. Bí tiyín bá jẹ́ irú wọn, ẹ má fi irin so nǹkan kan, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má tú àpótí páwà pákì fúnra rẹ̀. Iná tó lé ní 300 volt lè ṣì wà nínú àwọn kápásítọ̀ ńlá inú rẹ̀, àwọn agolo tó ń fi iná pamọ́, lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà.

Tí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, ẹ gbé ti àtijọ́ dání lọ, kí orí wáyà wọn bá ara mu. Yálà ní Computer Village ní Ìkẹjà ni o, tàbí nítòsí yín, kí ẹni tó ń tà á fi mítà wọn ọ́n lójú yín. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó kì í bọ iná nílé. Ọ̀pọ̀ ló ní súwíìṣì pupa kékeré kan níbẹ̀, tí wọ́n kọ 115 sí apá kan, 230 sí apá kejì. Àwọn tó bá ti Amẹ́ríkà wá sábà máa ń wà lórí 115, torí iná tiwọn kò tó tiwa. Lórí 115, páwà pákì ń sọ iná tó wọlé di ìlọ́po méjì. Bí 230 wa bá wá wọ ibẹ̀, ariwo gbàà ni ẹ máa gbọ́, èéfín yóò tẹ̀ lé e. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni owó tuntun yẹn lọ. Ẹ fi ṣóńṣó bírò tì í sí 230.

Bí páwà pákì bá yè kooro, ẹ wá wo bọ́ọ̀dù. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí àwọn kápásítọ̀, àwọn agolo kéékèèké tó dúró yí ọpọlọ ẹ̀rọ (CPU) ká. Orí wọn, níbi tí wọ́n fa ìlà sí, gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí tí orí rẹ̀ bá wú, tàbí tí nǹkan bíi ìpáàrà jáde lórí rẹ̀, ti bàjẹ́. Àwọn bọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe láàárín 1999 sí 2007 ni àìsàn yìí pa jù, torí kápásítọ̀ tí kò dára kún ọjà lágbàáyé nígbà náà. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe lè pààrọ̀ rẹ̀. Kí microfarad rẹ̀ (nọ́ńbà tí wọ́n kọ µF sí) bá ti àtijọ́ mu, kí volt rẹ̀ má kéré sí tirẹ̀, kí wọ́n kọ 105°C sí i lára, kí ẹ̀gbẹ́ tó ní ìlà sì wọ ibi tí ti tẹ́lẹ̀ wọ̀.

Lẹ́yìn náà ni RAM, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń di iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe lọ́wọ́ mú. Ẹ yọ gbogbo ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe láìsí, DVD, káàdì, gbogbo rẹ̀, kí ó ku RAM kan ṣoṣo. Ẹ fi kílínà tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ nu eyín góòlù ìdí rẹ̀ títí yóò fi dán, ẹ fẹ́ ekuru ihò rẹ̀ dànù, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé ní ìpẹ̀kun méjèèjì títí ẹ óò fi gbọ́ tí ó dún kọ́. Bí ẹ̀rọ bá ń ké píì, píì láìjẹ́ kí nǹkan hàn lójú monitor, RAM ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bátìrì pẹlẹbẹ ara bọ́ọ̀dù, CR2032, kò wọ́n. Bí mítà bá wọn ọ́n tí kò tó 2.7, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn bọ́ọ̀dù kan kì í tàn bí ó bá ti kú.

Bí ó bá di dandan kí ẹ tún gbé e lọ fún ẹnì kan, ẹ ya àwòrán inú rẹ̀ kí ẹ tó gbé e lọ, kí nọ́ńbà ara RAM hàn ketekete. Wọ́n ti dá ẹ̀rọ padà fún mi rí pẹ̀lú ìdajì RAM tí mo fi gbé e lọ, n kò sì ní ẹ̀rí kankan láti fi jà.

Ẹ fi nọ́ńbà tí mítà bá gbé jáde lórí wáyà yẹ́lò àti pupa ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ sì sọ bóyá ó ké píì nígbà tí RAM kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀. Mo máa sọ ibi tó kàn. Ṣùgbọ́n dísìkì bàbá ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ o, lónìí.