Anne nìkan ni ò sí níbẹ̀

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé òótọ́ ni pé ibojì kan náà ni gbogbo àwọn ọmọ Brontë, ìdílé àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, wà ní Haworth, England?

Ìdáhùn: Ó ku ẹnì kan o. Abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tí bàbá wọn ti ń ṣe pásítọ̀ ni ibojì yẹn wà, ìyá wọn ti wà níbẹ̀ láti 1821, Maria àti Elizabeth bá a níbẹ̀ ní 1825, ọmọdé ni wọ́n, ọdún 11 àti 10, ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa wọ́n. 1848 ló wá burú jù, Branwell lọ ní September, Emily tẹ̀lé e ní December. Anne kú sí Scarborough ní 1849, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Charlotte kú ní 1855. Bàbá yẹn ló ń ṣe mí láàánú jù, ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló kú lójú ayé ẹ̀, kí òun náà tó wá bá wọn ní 1861.