Ẹni mélòó ló lè pín ₦720,720 láìṣẹ́kù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù wa. Èrè tí a fẹ́ pín lọ́dún yìí jẹ́ ₦720,720, ṣùgbọ́n a ò tíì mọ iye àwa tí a máa pín in, torí àwọn kan ń rò ó láti kúrò. Akápò wa ní kí n fọkàn balẹ̀: láti orí ẹni kan títí dé mẹ́rìndínlógún, kọ́bọ̀ kan ò ní ṣẹ́kù. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni mo ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò láìpín in lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, màmá. Akápò yín gbọ́n.

Ẹ wo bí a ṣe kọ ọ́: 720, lẹ́yìn náà 720 mìíràn. Nọ́ńbà tí a bá kọ báyẹn, 1,001 ló fara pamọ́ sínú rẹ̀: 720 × 1,001. Kí sì ni 1,001? 7 × 11 × 13 ni. Ẹ mú 358, ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì: 358,358. Ẹ pín in sí ọ̀nà 7, ó di 51,194. Ẹ pín ìyẹn sí ọ̀nà 11, ó di 4,654. Ẹ wá pín in sí ọ̀nà 13, 358 yín á padà jáde. Ariwo ni àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń pa tí mo bá ṣe é lójú pátákó. (Bí àwọn àgbà bá fẹnu kà á, ọ̀kẹ́ mẹ́rìndínlógójì ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé ogún ni, etí kò lè gbọ́ pé 720 méjì ló wà níbẹ̀.)

Àwọn alágídí mẹ́ta ti lọ nìyẹn. Ó ku 720, tí í ṣe 16 × 9 × 5, àwọn yòókù sì ti ibẹ̀ wá: 12 jẹ́ 3 × 4, 14 jẹ́ 2 × 7, 15 jẹ́ 3 × 5.

Orí 16 ni wọ́n ti máa ń ṣìṣe. Wọ́n á ní ohun tó bá ṣeé pín sí ọ̀nà 2 àti 8 á ṣeé pín sí ọ̀nà 16. Irọ́ ni: 24 ṣeé pín sí ọ̀nà méjèèjì, kò ṣeé pín sí 16, torí 2 yẹn ti wà nínú 8 tẹ́lẹ̀. Àfi kí 2 mẹ́rin pé síbẹ̀. Ẹ̀yin mẹ́rìndínlógún á gba ₦45,045 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ká ní ìdajì owó yẹn, ₦360,360, lẹ ní, títí dé ẹni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló máa lọ geere. Bó bá ti di mẹ́rìndínlógún, ₦22,522 àti àádọ́ta kọ́bọ̀ ni, ta ló sì ń ná kọ́bọ̀ mọ́? Kò sí owó tó kéré sí ₦720,720 tó lè ṣe iṣẹ́ náà dé 16.

Bí ẹ bá di mẹ́tàdínlógún, ₦42,395 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦5 á ṣẹ́kù. Ẹ lè fi ₦12 kún un, kó di ₦42,396 géérégé. Tàbí kẹ́ ẹ wá ẹnì kan sí i: ẹni méjìdínlógún, ₦40,040.