Adìẹ méjìlá kò nílò ìtẹ́ méjìlá

Ẹ kú ètò o. Ẹ ní adìẹ méjìlá àti àkùkọ kan lẹ fẹ́ sìn lẹ́yìnkùlé, pé káfíńtà ní òun á kan ilé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́rin, òun á sì to ìtẹ́ méjìlá sínú rẹ̀ kí kálukú lè ní tirẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì san àsansílẹ̀. Ìtẹ́ yẹn ti pọ̀ jù, ilé yẹn sì ti kéré jù. Owó pákó tó fẹ́ fi kan ìtẹ́ mẹ́sàn-án tí adìẹ kankan ò ní wọ̀, ẹ fi fẹ ilé lójú.

Mo ti ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé wa n'Ìbàdàn ọjọ́ ti pẹ́, látorí adìẹ ìbílẹ̀ dé orí Noiler, irú adìẹ tí a ń sìn fún ẹran àti ẹyin, àti àwọn aláwọ̀ pupa tí wọn kì í dẹ́kun ẹyin yíyé. Mi ò rí ọ̀kan nínú wọn tó mọ ìtẹ́ tèmi yàtọ̀ sí tìrẹ. Tí ẹ bá kan mẹ́wàá fún wọn, méjì tàbí mẹ́ta ni gbogbo wọn á fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Ẹ lọ wò wọ́n láàárọ̀, bí aago mẹ́sàn-án. Ọ̀kan á ti jókòó sínú ìtẹ́ igun. Èkejì á fi orí ti ara rẹ̀ wọlé bá a, á gùn ún lẹ́yìn. Ẹ̀kẹta á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa pariwo bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Ìtẹ́ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ṣófo, koríko inú rẹ̀ ò tiẹ̀ yẹ̀ rárá. Ìtẹ́ kan fún adìẹ mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tó. Mẹ́ta á tó yín.

Kí ìtẹ́ fẹ̀ ní íǹṣì 12, kó jìn ní 12, kó ga tó 14. Tó bá jẹ́ Noiler lẹ fẹ́ sìn, ẹ fi íǹṣì méjì kún ìbú rẹ̀, torí ara wọn tóbi. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà fi pákó tó ga tó íǹṣì mẹ́rin dábùú ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀. Bí kò bá sí i, wọ́n á fẹsẹ̀ wa koríko dànù tán, ẹyin á wá máa bọ́ lé pákó lásán.

Ṣùgbọ́n òkùnkùn ṣe pàtàkì ju gbogbo ìwọ̀n yẹn lọ. Adìẹ tó fẹ́ yé ẹyin ń wá ibi tó máa fara pamọ́ sí. Ìtẹ́ tí oòrùn bá ń ràn sí, ó máa fi sílẹ̀ lọ yé sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi. Igun tó ṣókùnkùn jù ni kí ìtẹ́ wà, kó ga kúrò nílẹ̀ bí ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀. Bí ilé bá mọ́lẹ̀ kedere káàkiri, ẹ gé àpò oúnjẹ adìẹ, kí ẹ fi ṣe aṣọ ìkélé sẹ́nu rẹ̀. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹyin bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde kẹ́ ẹ tó gbé ìtẹ́ síbẹ̀ o. Àwọn aláwọ̀ pupa máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 18 sí 20. Kí ìtẹ́ ti wà níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 16, kí ojú wọn mọ̀ ọ́n. Ẹ fi ẹyin kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń ṣe, kí ẹ fi bírò sàmì sí i, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó má baà bú lọ́jọ́ kan. Adìẹ tó bá ti ń yé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣòro láti yí padà. Ẹyin ilẹ̀ á fọ́, ọ̀kan á tọ́ ọ wò, àwọn tó kù á kọ́ ọ lára rẹ̀, ó di pé ẹ̀yin àtàwọn adìẹ jọ ń du ẹyin láràárọ̀.

Ọ̀pá tí wọ́n máa wọ̀ sí lálẹ́ ńkọ́? Ẹ ò dárúkọ rẹ̀, mo sì mọ̀ pé káfíńtà náà ò ní rántí. Ó gbọ́dọ̀ ga ju ìtẹ́ lọ, torí ibi tó ga jù ni adìẹ máa ń wá sùn sí. Bí ìtẹ́ bá ga ju ọ̀pá, inú ìtẹ́ ni wọ́n á sùn, ibẹ̀ náà ni wọ́n á su sí mọ́jú, gbogbo ẹyin á dọ̀tí. Ẹyin tí a sì fi omi fọ̀ kì í pẹ́ nílẹ̀. Íǹṣì mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni kí ẹ ṣírò fún adìẹ kan, nítorí náà ọ̀pá méjì, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà mẹ́fà, á gba gbogbo wọn. Kí méjèèjì ga dọ́gba, kí wọ́n má baà máa jà du èyí tó wà lókè. Pákó íǹṣì méjì sí méjì tí wọ́n ti fá etí rẹ̀ ni kó lò, kó kàn án mọ́lẹ̀ gírígírí. Wọ́n ní adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ: ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń mì kò yàtọ̀ sí okùn ọ̀hún.

Ó wá ku ilẹ̀ inú ilé. Tí ẹ bá pín ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́rin fún adìẹ 13, àyè tó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju íǹṣì 13 sí 13 lọ. Ìyẹn ni pé ilé wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ju ìtẹ́ wọn lọ! Ẹsẹ̀ bàtà méjì sí méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo fara mọ́, ìyẹn ilé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí mẹ́sàn-án. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ìta ni wọ́n á máa wà látàárọ̀ dalẹ́. Ọjọ́ tí òjò bá ń rọ̀ látàárọ̀ ńkọ́? Ìgbà tí lùkúlùkú bá ń pa adìẹ ládùúgbò, tí ẹ ní láti tì wọ́n mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ńkọ́? Inú àyè tó há ni wọ́n ti ń ṣá ara wọn nídìí títí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ, tí òórùn á sì máa ta yín nímú láti ẹnu ọ̀nà.

Búlọ́ọ̀kù ìlà mẹ́ta nísàlẹ̀, nẹ́ẹ̀tì dé òkè, kí páànù yọ síta dáadáa. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ tó gùn kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má baà rọ́nà wọlé tààrà. Kí nẹ́ẹ̀tì ní ihò kéékèèké, kó sì nípọn. Èyí tó fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tà ní olówó pọ́ọ́kú, adìẹ nìkan ló lè dá dúró, eku àti ejò ń gba ibẹ̀ kọjá. Èérún pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ẹ̀rọ káfíńtà fá jáde ni kí ẹ tẹ́ sílẹ̀, ẹ má tẹ́ ìyẹ̀fun pákó tó kúnná láti sọ́míìlì, eruku rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Bó bá jẹ́ pé adìẹ ìbílẹ̀ wà lára wọn, èyí tó bá ń sàba á gba ìtẹ́ kan fún ọjọ́ 21 gbáko, àwọn yòókù á sì máa yé ẹyin tuntun kún ti abẹ́ rẹ̀. Ẹ má tìtorí ìyẹn kan ìtẹ́ kẹrin. Ẹ gbé e lọ sínú agò tàbí páálí níbòmíì lálẹ́, tòun tẹyin rẹ̀, kí oúnjẹ àti omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kí káfíńtà tó padà wá, ẹ wọn àyè tó wà láàárín ògiri àti kànga yín, kí ẹ sì wo ibi tí fèrèsé yàrá ará ilé kejì kọjú sí.