Ṣé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè sọ bóyá ènìyàn ní PTSD (àìsàn ọpọlọ tó máa ń tẹ̀ lé ìṣẹ̀lẹ̀ tó bani lẹ́rù)?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Láti ìgbà tí àbúrò mi ọkùnrin ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn ajínigbé ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni oorun rẹ̀ ti dàrú, bí ọ̀kadà bá sì ró gbàmù, ṣe ló máa ń sá pamọ́. Ilé àyẹ̀wò kan ní kí a wá sanwó kí àwọn wo kọ́tísọ́ọ̀lù inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, pé ìyẹn ni yóò fi hàn bóyá ó ní PTSD. Ṣé kí a ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ má san owó yẹn. Títí di òní, kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, itọ́ tàbí àwòrán ọpọlọ kan tí a lè gbára lé láti sọ pé ẹnì kan ní PTSD tàbí kò ní. Kọ́tísọ́ọ̀lù ni ara máa ń tú jáde nígbà ìpayà, nítorí náà ẹnikẹ́ni ni yóò rò pé yóò pọ̀ lára irú àbúrò yín. Àmọ́ nínú ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 1986 lórí ìtọ̀ àwọn jagunjagun Amẹ́ríkà tó ti ogun Vietnam bọ̀, ńṣe ló kéré lára àwọn tó ní PTSD ju ti ọ̀pọ̀ aláìsàn ọpọlọ mìíràn lọ. Àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e kò fẹnu kò. Yàtọ̀ sí èyí, kọ́tísọ́ọ̀lù a máa ga láàárọ̀, a sì máa lọ sílẹ̀ lálẹ́, kódà lára ẹni tí nǹkan kan kò ṣe.

Ti àwòrán ọpọlọ tilẹ̀ yani lẹ́nu jù. Wọ́n ti rí i pé hippocampus, apá ọpọlọ tó ń bá wa tọ́jú ìrántí, máa ń kéré lára àwọn jagunjagun tó ní PTSD. Ṣùgbọ́n ní 2002, àwọn oníwádìí wo àwọn ìbejì wọn tó jọ wọ́n bí ìmumu, tí kò dé ojú ogun rí: tiwọn náà kéré. Ó jọ pé ó ti wà bẹ́ẹ̀ kí ogun tó dé.

Ẹni tí yóò jókòó ti àbúrò yín, tí yóò sì bi í léèrè, ni ẹ nílò. Ìwé ìbéèrè tí a ń pè ní PCL-5 ní ìbéèrè 20 nípa oṣù kan tó kọjá, lórí oorun, àlá burúkú, ìjáyà àti àwọn ohun tó ń yẹra fún. Lẹ́yìn náà ni dókítà yóò fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò dáadáa. Bí dókítà náà bá ní kí ẹ ṣe àyẹ̀wò táírọ́ìdì, ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà ní ọrùn, ẹ ṣe é, torí pé táírọ́ìdì tó ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ lè mú kí àyà máa já kí oorun sì dá. Ẹ lè mú un lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Aró, Abẹ́òkúta, tàbí ti Yábàá. Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ ọjọ́ tí oorun rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí dàrú sílẹ̀, àti ohun tó máa ń dá ìjáyà náà sílẹ̀. Ẹ má fi ipá mú un sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí nínú igbó.