Ẹ Gbé Ọṣẹ Yẹn Kúrò Lórí Tábìlì Wọn

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ọ́fíìsì kan ní Utako ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwa mẹ́fà la sì wà nínú yàrá kan. Bọ̀dá kan tó jù mí lọ dáadáa ló jókòó tì mí. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, àwọn ni wọ́n kọ́ mi níṣẹ́ nígbà tí mo dé, ṣùgbọ́n òórùn ara wọn ti kọjá ohun tí mo lè fara dà látìgbà tí ooru ti mú. Tí wọ́n bá ti wọlé báyìí, àwọn yòókù á bẹ̀rẹ̀ sí í fín lọ́fínńdà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan di ọṣẹ àti kànrìnkàn sínú náílọ́ọ̀nù, ó gbé e sórí tábìlì wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n tì í sínú dúrọ́ọ̀, wọn ò sọ nǹkan kan. Ọ̀gá wa ní òun máa sọ ọ́ ní mítìn. Àwọn yòókù ní kí èmi lọ bá wọn sọ ọ́ torí pé Yorùbá ni àwa méjèèjì. Kí ni kí n ṣe? Ọmọbìnrin Iléṣà, Abuja."

Àbúrò mi, ibi ọ̀rọ̀ ọṣẹ yẹn ni mo ti dá kíkà dúró. Bọ̀dá yẹn ti mọ̀ pé ẹnì kan nínú yàrá yẹn ń fi àwọn ṣẹ̀sín, wọn ò sì mọ ẹni náà. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á rò pé àwọn ló ń fi rẹ́rìn-ín. Ìyẹn burú ju òórùn lọ. Bí o bá mọ ẹni tó ṣe é, sọ fún un pé kò dáa.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ni kí ọ̀rọ̀ yìí ti jáde, kó sì wọ etí ẹnì kan ṣoṣo. Lọ bẹ ọ̀gá yín lónìí kí wọ́n má gbé e dé mítìn rárá.

Ó ṣeé ṣe kí bọ̀dá yẹn má gbọ́ òórùn náà, torí òórùn ara ẹni kì í pẹ́ mọ́ni nímú. O ò sì sọ ibi tí wọ́n ń gbé fún mi. Tó bá jẹ́ Mararaba tàbí Nyanya ni, o mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe máa ń rí láàárọ̀: èèyàn mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, oòrùn oṣù kẹta. Ẹni tó wẹ̀ láago márùn-ún, òógùn á ti bò ó kó tó dé Utako. Ọ̀pọ̀ ilé lápá ibẹ̀ ni kò ní omi ẹ̀rọ. Mai ruwa, ìyẹn àwọn tó ń ta omi kiri, ni wọ́n ń dúró dè, kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan lowó, bókẹ́ẹ̀tì kan sì lè jẹ́ ti tọkọtaya àtàwọn ọmọ. Mi ò sọ èyí kí o lè dákẹ́ o. Mo fẹ́ kí ohùn rẹ rọ̀ ni.

Òógùn fúnra rẹ̀ kì í rùn. Àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń gbé lára wa, pàápàá lábíyá, ló ń sọ ọ́ di òórùn. Lọ́fínńdà kò lè pa wọ́n run, ńṣe ni òórùn méjèèjì máa dà pọ̀. Aṣọ náà wà níbẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì pọliẹ́sítà máa ń gba òórùn mọ́ra ju aṣọ òwú lọ: wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á lọ̀ ọ́ gẹgẹrẹ, àmọ́ tí ara bá ti gbóná, òórùn àná á tún yọ. Ẹni tó bá ń fá abíyá, tó ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, tó ń nù ún gbẹ kó tó fi álọ́ọ̀mù tàbí diódórántì pa á, tó sì gbé ṣẹ́ẹ̀tì òwú kan dání láti pààrọ̀ tó bá dé ibiṣẹ́, á rí ìyàtọ̀.

Tí wọ́n bá ní àwọn ń ṣe gbogbo èyí, gbà wọ́n gbọ́. Tàírọ́ìdì, ẹ̀yà ara kékeré kan lọ́rùn, tó bá ń ṣiṣẹ́ láṣejù, lè mú kéèyàn máa làágùn ṣáá. Àìsàn kan tún wà tí kì í jẹ́ kí ara lọ ohun tó wà nínú ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà dáadáa, tí ara á fi máa rùn bí ẹja jíjẹrà. Dókítà ló ni ìyẹn.

Ta ni kó wá sọ ọ́? Pé Yorùbá ni yín kò sọ ọ́ di iṣẹ́ rẹ. Obìnrin ni ọ́, wọ́n sì jù ọ́ lọ. Tí ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn kan bá wà níbẹ̀, bóyá dírẹ́bà tí wọ́n jọ ń jẹun, òun ló yẹ kó sọ ọ́. Tí kò bá sí, sọ ọ́ fúnra rẹ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, tí iṣẹ́ bá ti parí, torí tó bá jẹ́ àárọ̀, inú ìtìjú yẹn ni wọ́n á jókòó sí di alẹ́. Má kúnlẹ̀ níbi táwọn èèyàn ti lè rí yín. Sọ pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Ẹ ti ṣe mí lóore, ni mi ò ṣe lè dákẹ́. Òógùn máa ń rùn lára yín, mo sì rò pé ẹ ò mọ̀." Kó mọ síbẹ̀. Má sọ pé gbogbo yàrá ló ń sọ ọ́. Tí wọ́n bá bi ọ́ léèrè bóyá ìwọ lo gbé ọṣẹ yẹn, sọ òótọ́ fún wọn.

Lọ́jọ́ Ajé, kí wọn bí o ṣe ń kí wọn tẹ́lẹ̀. Bí ara wọn bá tiẹ̀ ń ta sánsán, má yìn wọ́n sí i. Tí oṣù kan bá kọjá tí nǹkan ò yí padà, kí ọ̀gá yín wá pè wọ́n, àwọn méjì péré, kí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.